Bàbá Má-rún-un àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

"Mo ti lo o."

Ohun tí bàbá mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Kò fẹnu sọ ọ́. Orí fóònù ló tẹ̀ ẹ́ sí, ní ìrọ̀lẹ́, kò sí àmì kan lókè, kò sí kan nísàlẹ̀. Èmi kà á sí, "Mo ti lọ o." Mo ní ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti forí lé ilé. Oríta ni mo wà nígbà náà. Ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ọwọ́ òsì lọ sí yàrá tí mo háyà. Mo yà sí òsì.

Bàbá mi ò lọ síbì kankan. Alágbàfọ̀ ni bàbá mi. Ẹ̀wù mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń sọ. "Mo ti lọ̀ ọ́." Ó ti lọ ẹ̀wù náà, kí n wá mú un. Ó jókòó, ó ń retí mi. Orí àga yẹn ni wọ́n bá a sí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti kú.

Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí kò mọ bàbá wa lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Mi ò ka ìwé púpọ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni màá ṣe sọ ọ́.

Bàbá Má-rún-un ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù, ọmọ tí wọ́n bá rán wá gba aṣọ, ohun tó máa ń sọ fún un ni pé, "Má rún un o." Àwọn ọmọ gbé e délé, ó di orúkọ. Ẹni tó bá a kun pátákó ìta kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: MARUNUN ALAGBAFO. Láti ọjọ́ yẹn, oníbàárà tuntun á dúró níwájú pátákó, á ní, "Bàbá, márùn-ún kí ni?" Bàbá á na ọwọ́ kan sókè. "Ìka. Òun ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ wọlé." Kò tún pátákó náà ṣe. Ó ní ẹni tó bá ti dúró béèrè, aṣọ rẹ̀ ti wọlé nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀. Tábìlì ìlọṣọ kan, tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé. Irin gígùn kan lókè tí aṣọ ń rọ̀ sí. Àga onígi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó fi páálí sí i lábẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni ibi ìfọṣọ wà: ẹ̀rọ omi, báàfù mẹ́ta, àti okùn tó na láti ara ògiri dé ara ògiri. Òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ gbígbóná ló máa ń wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Màmá wa kú kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Abẹ́ tábìlì yẹn ni mo ti ń sùn lọ́sàn-án, aṣọ olówó aṣọ ń mì lórí mi.

Alágbàfọ̀ mọ púpọ̀ nípa èèyàn. Ó mọ ilé tí wọ́n ti ń jà, nítorí bọ́tìnnì tó já. Ó mọ ẹni tó ń sunkún sórí ìrọ̀rí. Bàbá mi kì í sọ ọ́. Bí mo bá bi í pé, "Bàbá, ta ló ni èyí tó ya yìí?" á ní, "Aṣọ ló ya. Ẹnu mi ò ya."

Èmi ò gba iṣẹ́ náà. Ọṣẹ ń jẹ mí lọ́wọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Kò bínú. Ó kàn ní, "Kò burú. Ìwọ ni wàá máa gbé àwọn tó wọ aṣọ tí mo lọ̀ kiri." Mo háyà yàrá tèmi, mo kó jáde. Òun nìkan ló kù nílé.

Fóònù tó ní nígbà náà, ìpè nìkan ló wà fún. Àǹtí mi ń gbé ní ìlú mìíràn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó fi èyí tóun ti lò ránṣẹ́, mo gbé e lọ fún Bàbá.

"Àǹtí ní kí n gbé e fún yín."

"Kí ló ṣe èyí tí mo ní?"

"Èyí tí ẹ ní ò ríran, Bàbá."

"Ẹni tó bá pè mí, ẹnu ló fi pè mí, etí ni mo fi gbọ́. Kí ni ojú ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ máa rí fọ́tò èèyàn. Ẹ máa rí ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe."

Ó wò mí. "Èmi tí mò ń fọ ṣòkòtò wọn? Kí ló kù tí mi ò tíì rí?"

Ó ti fóònù náà sínú dúrọ́ọ̀, sí àárín bọ́tìnnì àti pínnì. Àǹtí mi pè mí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

"Ṣé ó ti ń lò ó?"

"Ó ń lò ó."

"Kí ló fi ń ṣe?"

"Ó fi tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀bẹ̀ wa kọ́ ló mú un jáde nínú dúrọ́ọ̀. Káfíńtà kan wà ní òpópónà kejì, ọ̀rẹ́ Bàbá ni, òun ló kan tábìlì ìlọṣọ yẹn. Ó kó aṣọ wá, kò padà wá gbà á. Bàbá ní bóyá iṣẹ́ ló gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó pẹ́ jù, ó kó aṣọ náà lé apá, ó gbé e lọ sílé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyàwó káfíńtà ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ò rí i ní gúrúùpù Wásáàpù ni?" ohun tí obìnrin náà bi í nìyẹn. "A kéde ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a ò rí yín, mo ní bóyá ara yín ni ò yá."

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó dé. Aṣọ náà ṣì wà ní apá rẹ̀. Ó ti gbàgbé láti gbé e sílẹ̀. Kò jókòó.

"Mo gbé aṣọ lọ fún òkú," ó ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ ò mọ̀ ni."

"Gbogbo ayé mọ̀. Ìwọ náà mọ̀?"

"Mi ò sí nínú gúrúùpù àdúgbò yìí mọ́. Mo ti kó lọ."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbọn bọ́tìnnì kúrò lórí fóònù. "Fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Mi ò fẹ́ kí nǹkan tún ṣe èèyàn mi kí n máà mọ̀."

Ohun tó ń wá nìyẹn. Kò wá ju ìyẹn lọ.

Kíkọ́ rẹ̀ kò rọrùn. Áyọ́nù eléèédú ló fi kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ẹni tó bá lo ìyẹn rí, á fi itọ́ pa ìka, á tẹ irin fìrí, á yára fa ọwọ́ padà, kó lè mọ bó ṣe gbóná tó. Bí Bàbá ṣe ń tẹ fóònù nìyẹn. Fóònù ò gbọ́.

"Bàbá, kò gbóná."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín dúró lórí ẹ̀ díẹ̀."

Ó tún fi ìka kan ahọ́n. "Ọwọ́ tó bá ti jó rí kì í gba ìmọ̀ràn."

Obìnrin tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yọrí. Aránṣọ la máa ń pè é. "Bàbá Má-rún-un, ṣé ẹ fẹ́ lọ fóònù ni?"

"Ṣé ó rún?" ni Bàbá dá a lóhùn.

Aránṣọ yìí ló mú un wọ gúrúùpù àdúgbò lórí Wásáàpù. Ọjọ́ tó wọlé, ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "E kaaro o Tisa." "E kaaro o Iya aranso." "E kaaro o eni ti mi o mo oruko re." Gbogbo àárọ̀ ló fi ṣe é, aṣọ ń dúró dè é. Tíṣà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé lókè ilé kejì, kọ ọ́ sí i pé, "Bàbá, ẹ kí wa lápapọ̀, ó ti tó." Bàbá ò gbà. Ó bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe ń wọ ilé onílé tí á sì máa kí afẹ́fẹ́. Ó ń bá a lọ. Nígbà tó yá, ẹni tó bá fò ni yóò bínú. "Bàbá, kí ni mo ṣe tí ẹ ò kí mi lónìí?"

Kí Bàbá tó sá aṣọ, á kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn ilé, á gbójú sókè. Ní ọjọ́ kan ó ya ojú sánmà ní fọ́tò, ó fi sí gúrúùpù, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Orun wa loni."

Tíṣà fèsì: "Ọ̀run ti wà tipẹ́, Bàbá. Ṣé ẹ ti di oníwàásù ni?"

Aránṣọ ní: "Oorun ni Bàbá ń wí. Èmi náà sùn dáadáa."

Ẹnìkan tún ní kí Bàbá gbàdúrà fún òun bó bá ti ń débẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé áyọ́nù sílẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ti fi èmi náà padà sí gúrúùpù nígbà náà, kí n lè máa bá wọn túmọ̀ ẹ̀.

Báyìí ló ṣe di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń dúró dè láràárọ̀. Bí Bàbá Má-rún-un bá ní òòrùn wà, wọ́n á fọṣọ. Bó bá ní kò sí, aṣọ á dúró nínú apẹ̀rẹ̀. Kì í sáábà ṣì í.

Ọjọ́ tó ṣì í, kì í ṣe ojú sánmà ló ṣì wò. Àárọ̀ náà mọ́ rekete, ṣùgbọ́n ó ní atẹ́gùn ń gbé òórùn òjò bọ̀. Ó ya fọ́tò, ó kọ ọ́: "E ma sa aso loni." Má ló wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wo fọ́tò tó mọ́, wọ́n kà á sí máa. Wọ́n sá ṣíìtì, wọ́n sá kọ́tìnnì, wọ́n sá mátíràsì ọmọ tó tọ̀ sórí ibùsùn. Òjò dé lọ́sàn-án, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́.

Tíṣà gbé kọ́tìnnì tútù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Omi ń kán sílẹ̀.

"Ẹ ní ká sá a."

"Mo ní kẹ́ ẹ má sá a."

"Máa lẹ ní."

"Má ni mo ní, Tíṣà."

"Ẹ ka ohun tí ẹ kọ."

Bàbá na fóònù jìnnà sí ojú. "Ẹ má sá aṣọ lónìí." Ó gbé e fún un. "Ẹ̀yin náà, ẹ kà á."

"Ẹ máa sá aṣọ lónìí," ni Tíṣà kà.

Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀wé kà. Òjò ni kò sí nínú gúrúùpù."

Bàbá gba kọ́tìnnì náà, ó tún un fọ̀, kò gba nǹkan kan. Tíṣà ní kó máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bàbá ní kí n wá ibi tí àmì wà fún òun. Mo wá a. Bí èèyàn bá tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ pẹ́, àwọn kéékèèké á yọ lórí rẹ̀. Ìka Bàbá tóbi ju gbogbo wọn lọ. Bó bá tẹ ọ̀kan, òmíràn ni yóò jáde. Àmì tó wà nísàlẹ̀ ò tiẹ̀ sí lórí fóònù náà. Èmi náà ò mọ èyí tó yẹ kó lọ sókè àti èyí tó yẹ kó wálẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn nílé ìwé, mi ò débẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí fọ́tò bá yín sọ ọ́. Ẹni tó bá rí fọ́tò ò ní ṣì í kà."

Ó rí bẹ́ẹ̀. Bí òòrùn bá máa mú, á ya aṣọ lórí okùn. Bí òjò bá ń bọ̀, á ya okùn lásán. Kò sẹ́ni tó ṣìṣe mọ́. Gbogbo wa gbàgbé ọ̀rọ̀ àmì.

Orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò lè jáde lọ bá èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Fóònù wá di ibi tó ń jókòó sí. Ó rí ibì kan tí wọ́n ti ń fi fídíò ọkùnrin kan hàn tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì. Kápẹ́ẹ̀tì tó dúdú bí ẹrẹ̀, ọkùnrin náà á da omi sí i, á máa ha á lọ, títí àwọ̀ á fi yọ. Kò sọ̀rọ̀. Bàbá lè wo ìyẹn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. "Wò ó, wò ó. Ó ti dé igun." Á fi ránṣẹ́ sí Àǹtí, á fi ránṣẹ́ sí Aránṣọ, á fi ránṣẹ́ sí mi.

Mo máa ń wo díẹ̀, mo máa ń kọ "O da" sí i. Á pè mí.

"O ò wò ó tán."

"Mo wò ó, Bàbá."

"Àwọ̀ wo ló wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Pupa."

"Pupa kọ́. Àwọ̀ ewé ni. Padà lọ wò ó."

Ó mọ̀ pé tí àmì kékeré tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ránṣẹ́ bá ti di búlúù, mo ti rí i. Kò ṣeé parọ́ fún. "O ti di bulu o," á kọ ọ́. "Oju re ni mo n wo yen." Kì í fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní ohùn ń jẹ dátà. Ó fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀. Kò sọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìró áyọ́nù ni, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí tábìlì, àti òun tó ń fi imú kọrin. Mo ti pa á rẹ́, nítorí fóònù mi kún. Mo ti wá a lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sí níbi kankan.

Mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ ò fẹ́." Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn kì í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ó ní kí n wá àwọn ọ̀rọ̀ tí káfíńtà kọ sí gúrúùpù nígbà ayé rẹ̀. Mo sọ fún un pé ohun tí wọ́n bá ti kọ kí èèyàn tó wọlé, onítọ̀hún ò lè rí i. Kò gbà mí gbọ́. Ó lọ bá Aránṣọ. Aránṣọ wá a lórí tirẹ̀, ó rí ibi tí káfíńtà ti fi ohùn sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yá ayùn mi? Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Kò ju ìyẹn lọ. Bàbá ní kí ó tún un gbé. Aránṣọ tún un gbé. Bàbá jókòó sórí àga Aránṣọ, láàárín àwọn aṣọ tí wọn ò tíì rán tán.

"Mo pẹ́ dé," ó ní. "Ká ní mo ti gbà á lọ́jọ́ tí ọmọ yìí gbé e wá. Èmi àti òun ì bá ti jọ fi fóònù yìí ya wèrè."

Aránṣọ ní, "Ẹ ṣì bá àwa, Bàbá."

"Mo bá yín. Ẹ̀yin ò kan tábìlì fún mi."

Ilé-iṣẹ́ kan ń wá dírẹ́bà. Wọ́n ní kí n wá fún ìdánwò. Ẹ̀wù funfun kan ni mo ní tó ṣeé gbé jáde, ó ti rún. Ní àárọ̀ tó ṣáájú ìdánwò, mo sáré já a sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá wà lẹ́yìn ilé. Mo ké sí i láti iwájú.

"Bàbá, mo fi ẹ̀wù sórí tábìlì o. Ọ̀la ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́."

"Mo ti gbọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wá mú un, ká jọ jókòó díẹ̀."

"Ó dáa, Bàbá."

Mi ò dé ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Mi ò rí ojú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ dé, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ti rẹ̀ mí. Fóònù ró nínú àpò mi ní oríta. "Mo ti lo o." Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, nítorí ó ní ká jọ jókòó. Mo ní orúnkún rẹ̀ ló tún dé, ó ti lọ na ara. Màá gba ẹ̀wù ní ìdájí. Mi ò pè é. Kí ni mo fẹ́ pè é fún? Ó ti sọ ohun tó sọ. Mo kọ ọ́ sí i: "O da." Ó di búlúù lójú mi.

Ó dáa, fún ẹni tó ní òun ti lọ sílé. Ó dáa náà ni fún ẹni tó ní kí o wá mú ẹ̀wù. Bàbá kà á, ó jókòó.

Aránṣọ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní nígbà tóun ń ti ṣọ́ọ̀bù, òun bẹ ojú wò ó. "Bàbá, ẹ ò tíì fẹ́ lọ sílé?" Bàbá ní, "Ọmọ mi ń bọ̀. Ó ní ó dáa." Ó ti pa áyọ́nù. Ó ti nu tábìlì. Ó gbé ìjókòó Aránṣọ kan wọlé láti ìta fún mi, ó gbé e kojú tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Aránṣọ ló kọ́kọ́ dé. Ìgbà tí èmi dé, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí n yára wọlé. Ó di mí lápá mú. "Rọra, àbúrò mi. Rọra." Ẹ̀wù mi wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Bàbá ti de bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀.

Dókítà ní ọkàn ló dáwọ́ dúró lójijì. Ó ní ẹni tó bá wà níbẹ̀ kì bá tí rí nǹkan kan ṣe sí i. Ó fẹ́ tù mí nínú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ni mo fẹ́ gbé lọ fún un. Ìjókòó ni. Ká jọ jókòó díẹ̀, ohun tó ní ká ṣe nìyẹn.

Àǹtí mi pè láti ojú ọ̀nà. "Ṣé o rí ohun tó fi sí sítátọ́ọ̀sì ẹ̀ lórí Wásáàpù?" Mi ò tíì rí i. Èmi kì í sáábà wò ó. Mo ṣí i. Fọ́tò ẹ̀wù mi ni, lórí ìṣó. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Ti omo mi ni. Mo ti lo. Ola lo ma wo." Gbogbo àdúgbò ló ti rí i láti àná. Tíṣà ti fèsì sí i lórí fóònù Bàbá pé, "Ẹ kú iṣẹ́. Kọ́là ẹ̀wù yẹn lè dá dúró." Kò sẹ́ni tó ṣì í kà, fọ́tò wà níbẹ̀. Èmi nìkan ló fi ọ̀rọ̀ lásán ránṣẹ́ sí.

Ohun tí èèyàn bá fi síbẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, mo tún lọ wò ó. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mi ò lọ fún ìdánwò náà. Wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Ẹ̀wù yẹn ṣì wà nínú yàrá mi. Àǹtí ní kí n wọ̀ ọ́. Mo ní màá wọ̀ ọ́. Tí mo bá wọ̀ ọ́, yóò rún.

Fóònù Bàbá wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ará àdúgbò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò gbé nítòsí, tí èèyàn kàn ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Baba, e jowo, se ki n fo aso awon omo loni?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pé, "Baba ti lo." Mo wò ó. Mo pa á rẹ́. Mo pe nọ́ńbà náà, mo fẹnu sọ ọ́ fún un.

Ó bá mi kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin wá ńkọ́, ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

"Kí ni, mà?"

"Òòrùn."

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ó ku aṣọ àwọn oníbàárà tí a ní láti dá padà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mi ò ríṣẹ́. Èyí tí Bàbá ti lọ̀, mo kó o fún àwọn tó ni ín. Èyí tí kò tíì lọ̀, mo ká a bó ṣe wà. Aránṣọ ní kóun wá bá mi ṣe é. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jẹ́ kí n rí i ná." Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti inú ògiri.

Mo jáde sẹ́yìn. Pátákó kan wà lórí báàfù kẹta. Mo ṣí i. Ṣíìtì ńlá kan ló wà níbẹ̀, tó rẹ sínú ọṣẹ, ti ilé àlejò tó wà nísàlẹ̀ òpópónà. Omi náà ti dúdú, ó ti ń rùn. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a fi ń sáré sókè sódò.

Mo da omi náà sí gọ́tà. Mo ṣí ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí omi tuntun kún un. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo bu ọṣẹ, mo fọ̀ ọ́ láti igun kan dé igun kejì, bí mo ṣe máa ń rí Bàbá tó ń ṣe é. Ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́wọ́. Mo ṣan ṣíìtì náà. Mo tún un ṣe. Nígbà tí omi mọ́, mo gbé e sókè, ó wúwo. Èèyàn méjì ló máa ń fún ṣíìtì ńlá, ẹnìkan á mú ìkángun kan, ẹnìkejì á mú èkejì, wọ́n á lọ́ ọ. Mo so ìkángun kan mọ́ ọrùn ẹ̀rọ omi. Mo di èkejì mú, mo fà sẹ́yìn títí ó fi le, mo wá ń lọ́ ọ.